Bí a ṣe ń sọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ aláwọ àtijọ́ dọ̀tun nínú ilé

Ọ̀pọ̀ agboolé ló wà nílẹ̀ Yorùbá tí kẹ̀kẹ́ ológeere kan ṣì fara ti ògiri níbẹ̀ di òní olónìí. Ẹni tó ni ín lè ti kú tipẹ́. Ó lè jẹ́ tíṣà tó ń gùn ún lọ sílé ẹ̀kọ́, tàbí wolé-wolé tí gbogbo abúlé ń bẹ̀rù, tàbí àgbẹ̀ oníkòkó, tàbí ẹlẹ́mu tó ń so kèrègbè mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Táyà rẹ̀ á ti jẹrà, ṣéènì rẹ̀ á ti dógùn-ún, àwọn ọmọdé á sì ti tú agogo ara rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tó bá ṣẹ́kù lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ló sábà máa ń níye lórí jù lọ. Táyà wà lọ́jà, ṣéènì náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n awọ tí ènìyàn kan ti fi ogún ọdún jókòó lé, tó fi gba ìrísí ara rẹ̀, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Ohun tó sì ṣeni láàánú ni pé kì í ṣe ogbó ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn ìjókòó wọ̀nyí. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn wọn, tó fẹ́ tún wọn ṣe láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo, ló ń pa wọ́n.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti wá, ìlú Birmingham sì ni orírun iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ ni John Boultbee Brooks ti dá ilé iṣẹ́ awọ sílẹ̀ lọ́dún 1866, tó ń ṣe ohun èlò ẹṣin. Ìtàn tí ilé iṣẹ́ náà máa ń sọ ni pé nígbà tí ẹṣin Brooks kú lọ́dún 1878, kẹ̀kẹ́ ló yá tó ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà sì ni ín lára débi pé ó pinnu láti wá nǹkan ṣe sí i. Lọ́dún 1882 ló gba ìwé àṣẹ lórí ìjókòó aláwọ tó ṣe. Kí ọ̀rúndún náà tó parí ni èyí tí wọ́n ń pè ní B17 ti jáde, títí di òní olónìí ni wọ́n sì ń ṣe é. Àwọn tó ní sípíríǹgì lábẹ́, irú B66 àti B72, ni wọ́n ń gbé sórí àwọn kẹ̀kẹ́ ńláńlá tí ènìyàn ń jókòó ṣánṣán lé. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham àti Hercules tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham ló gbé irú ìjókòó aláwọ bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Lọ́dún 1962, Raleigh ra ilé iṣẹ́ Brooks. Nígbà tó di ọdún 2002, ó bọ́ sọ́wọ́ Selle Royal ti ilẹ̀ Ítálì. Àwọn mìíràn náà ṣe tiwọn: Wrights ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ideale ní ilẹ̀ Faransé, Lepper ní ilẹ̀ Netherlands.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun tí àkókò rẹ̀ ti kọjá ni. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń ṣe ìrìn-àjò ọlọ́dọọdún kan tó ń jẹ́ L'Eroica ní agbègbè Tuscany ní Ítálì, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1987 tàbí ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún. Àwọn tó ń wá nǹkan àtijọ́ sórí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ iyì awọ tó ti gbó dáadáa. Ìjókòó tí ẹlòmíràn jù sẹ́yìn ilé lè jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ń fi owó gidi wá kiri.

Kí ènìyàn tó fọwọ́ kàn án, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìjókòó aláwọ tòótọ́ kò ní òwú nínú, kò sì ní fóòmù. Awọ màlúù kan ṣoṣo ni, tó nípọn tó mílímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí wọ́n rẹ sínú omi títí tó fi rọ̀, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ orí irin tó ní ìrísí ìjókòó, tí wọ́n sì fi ìṣó bàbà tàbí ti irin kàn mọ́ férémù ní imú àti ní ìdí. Àárín rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Atẹ́gùn lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí awọ dùndún ṣe nà mọ́ igi rẹ̀ ni awọ yìí ṣe nà láàárín imú àti ìdí. Lábẹ́ imú ni bóòtù kan wà tó ń ti imú síwájú. Iṣẹ́ tí ọsán ń ṣe fún ìlù ni bóòtù yìí ń ṣe fún ìjókòó, nítorí òun ni wọ́n fi ń mú kí awọ le tàbí kó dẹ̀. Etí méjèèjì ni apá tó sọ̀ wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ìlù àti ti ìjókòó ti yà nìyí. Onílù lè yá ìlù rẹ̀ sóòrùn kó lè dún ketekete, nítorí pé awọ tí wọ́n kàn gbẹ lásán ni awọ ìlù. Awọ ìjókòó ní tirẹ̀ ti gba oje èèpo igi, ó sì ní ọ̀rá nínú. Oòrùn àti iná a máa fa ọ̀rá náà jáde, awọ a gan paali, nígbà tó bá sì yá, a là. Ẹni tó bá tẹ́ ìjókòó tútù sí ẹ̀gbẹ́ ààrò kó lè tètè gbẹ ti bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ojú mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìjókòó tó dà bí awọ ni aláwọ. Àwọn kan wà tí wọ́n fi sípíríǹgì wẹ́wẹ́ àti òwú kún inú wọn, tí wọ́n wá fi awọ fẹ́lẹ́ tàbí rọ́bà bò wọ́n. Kí ènìyàn dojú ìjókòó náà délẹ̀: bí ó bá rí ẹ̀yìn awọ tó rí hákahàka, tí kò sì sí ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀ ju irin lọ, èyí tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ nìyẹn.

Àyẹ̀wò ló ṣáájú ohun gbogbo. Kí ó fi sípánà tú ìjókòó kúrò lórí òpó rẹ̀, kí ó gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ilà wẹ́wẹ́ lójú awọ kì í ṣe ìjà, bí ìhunjọ ojú àgbàlagbà ni. Àmọ́ bí ìlà náà bá jìn débi pé ó yọ sí ẹ̀yìn awọ, tàbí tí awọ bá ti ya níbi tí ìṣó ti dì í mú, kò tún lè gbé ènìyàn mọ́. Àmì kẹta ló burú jù. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn awọ tí ìyẹ̀fun pupa sì ń bá ọwọ́ rẹ̀ lọ, awọ náà ti ń jẹra láti inú wá, kò sì sí ọ̀rá tàbí ìda kankan tó lè dá a padà. Irú rẹ̀ dára láti gbé kọ́ ògiri kí àwọn ọmọ máa wò ó. Bí ó bá jẹ́ férémù ló kán, ó ṣì ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n wẹ́dà kò gbọ́dọ̀ fi iná kàn án nígbà tí awọ ṣì wà lórí rẹ̀.

Bí ìjókòó bá yege àyẹ̀wò, fífọ̀ ló kàn. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbá eruku inú rẹ̀ àti ìta rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n rẹ àkísà mímọ́ sínú omi, kí wọ́n fún un dáadáa, kí wọ́n fi ọṣẹ tí kò le ra á díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi nu awọ náà. Ìfófò ọṣẹ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, omi kọ́. Karosíìnì, pẹtiróòlù àti ọṣẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fọ aṣọ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ọṣẹ dúdú pàápàá, tí ara ènìyàn fẹ́ràn, le jù fún irú awọ yìí nítorí eérú tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ti mú kí nǹkan funfun hù sára awọ, ìta gbangba ni kí wọ́n ti gbá a kúrò, kí wọ́n wá fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú omi àti fínígà nu ojú ibẹ̀. Kí ó wà níbòji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lásìkò ọyẹ́, ọjọ́ kan ti tó.

Ìpáàrà ara férémù ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha, ṣùgbọ́n kí awọ gbẹ tán kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n sì fi nǹkan bo awọ náà. Bí ẹ̀rún irin bá bọ́ sórí awọ tútù, àmì dúdú ni yóò fi síbẹ̀, àmì náà kò sì ní kúrò láéláé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjókòó àtijọ́ fi ní àbàwọ́n dúdú yí orí ìṣó wọn ká.

Orí ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹnì kan á rí i pé awọ ti gan, á bu òróró ẹ̀pà tàbí òróró ẹ́ńjìnnì lé e lórí, awọ á mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ní ọjọ́ kejì, ìjókòó á rọ̀ bíi pọ̀nmọ́, inú oníṣẹ́ á sì dùn. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí àárín rẹ̀ tó tẹ̀ wọlé tí ìdí ẹni tó jókòó yóò fi máa kan irin. Bàtà ló ń fẹ́ rírọ̀; ohun tí ìjókòó ń fẹ́ ni kó le, kó sì lè tẹ̀ díẹ̀. Fún ìdí yìí, òróró tí wọ́n ń sè láti inú pátákò màlúù, tó dára gan-an fún bàtà alágídí, kò dára fún ìjókòó. Òróró oúnjẹ tún burú sí i, nítorí a máa kan nínú awọ, a sì máa ba ṣòkòtò jẹ́.

Ohun tó tọ́ ni ọ̀rá tó dì. Brooks ń ta èyí tó ń jẹ́ Proofide, tí ọ̀rá ẹran àti ìda oyin wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí kò bá rí i rà lè ṣe tirẹ̀: kí ó wọn ìda oyin kan àti ọ̀rá màlúù méjì tó ti sè mọ́, kí ó kó wọn sínú abọ́, kí ó gbé abọ́ náà sínú omi gbígbóná títí wọn yóò fi yọ́ pọ̀, kí ó má ṣe gbé e ka iná gan-an. Òrí náà ṣeé lò dípò ọ̀rá màlúù, àmọ́ ooru ilẹ̀ wa tètè ń yọ́ ọ, nítorí náà kí ìda tó bá a dọ́gba. Nígbà tó bá ti dì tán, kí ó fi àkísà mú díẹ̀, kí ó fi pa ẹ̀yìn awọ lákọ̀ọ́kọ́, torí apá tó rí hákahàka yẹn ló ń mu ọ̀rá jù. Ojú rẹ̀ kò gbà ju kí ó kàn máa dán lọ. Kí ó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Fún ìjókòó tó ti wà nínú àjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìfọwọ́pa fẹ́lẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan sàn ju ìpara kan tó nípọn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó.

Bóòtù imú ni ewu kejì. Ẹni tó bá rí i pé àárín ìjókòó ti tẹ̀ yóò fẹ́ fi sípánà yí i títí yóò fi le bí igi. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ṣe ń ya nídìí ìṣó. Bóòtù tó ti dógùn-ún yẹ kó gba òróró ẹ́ńjìnnì ẹ̀kán méjì mẹ́ta, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, láìjẹ́ kí òróró náà kan awọ. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan, ìyẹn ìlàrin, ni kí wọ́n yí lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ náà fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tún yí i. Bí ó bá ti gba ìyípo kan àbọ̀ tí awọ ṣì ń tẹ̀, kí wọ́n fi bóòtù sílẹ̀. Awọ náà ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, fífà á síwájú kò sì lè wo ìyẹn sàn.

Okùn ló ń wo irú èyí. Kí wọ́n fi ohun ìlù-ihò lu ihò roboto mẹ́rin tàbí márùn-ún sí etí kọ̀ọ̀kan, kí ihò náà jìnnà sí bèbè awọ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Roboto ni kí ihò jẹ́. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ là á, yóò ya. Kí wọ́n wá mú okùn bàtà alágídí tí wọ́n ti fi ìda pa, kí wọ́n máa fà á lábẹ́ ìjókòó láti etí ọ̀tún sí ti òsì bí ẹni ń di okùn bàtà. Bí etí méjèèjì ṣe ń súnmọ́ ara wọn ni àárín yóò máa gbéra sókè. Nínú gbogbo àyípadà tí ènìyàn lè ṣe sí ìjókòó fúnra rẹ̀, kò sí èyí tó lérè tó èyí, kò sì ná ju owó okùn lọ.

Èyí tó ti wọ́ kọjá okùn ṣì lè gba omi, àmọ́ ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ni. Wọn á dẹ bóòtù pátápátá, wọn á ri ìjókòó náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20. Omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí yóò súnkì, kò sì ní nà mọ́. Bí ó bá ti rọ̀, wọn á fi ọwọ́ ti àárín rẹ̀ sókè láti abẹ́, wọn á fún etí rẹ̀ wọlé, wọn á sì fi aṣọ funfun tí wọ́n fà ya di í yíká gírígírí. Níbòji ni yóò wà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ló ń tú u lọ́jọ́ kẹta kí wọ́n lè rí i, ìyẹn sì ni wọ́n fi ń tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ yí àwọ̀ ìjókòó rẹ̀ padà sí dúdú kò nílò oògùn olówó iyebíye. Kí ó kó ìṣó tó ti dógùn-ún sínú fínígà, kí ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láì dé e pa, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń jáde níbẹ̀. Omi náà kì í dúdú nínú ìgò, ṣùgbọ́n bí ó bá kan awọ tó ti gba oje èèpo igi, dúdú ni awọ náà yóò dà lójú ẹsẹ̀. Ohun kan náà tó ń fa àbàwọ́n ìdí ìṣó ló ń ṣẹlẹ̀, àfi pé ènìyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ fà á lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn awọ ni kí ó ti kọ́kọ́ dán an wò. Lẹ́yìn tí ó bá ti pa á tán, kí ó fi omi tó ní sódà ìṣàkàrà díẹ̀ nù ún, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó sì fún un ní ọ̀rá. Kò sí ìpadàsẹ́yìn: awọ aláwọ̀ oyin tó bá ti di dúdú ti di dúdú nìyẹn.

Ní ti gígé awọ, kí ènìyàn ronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan máa ń gé ihò gígùn sí àárín kí abẹ́ má baà máa dùn wọ́n. Brooks fúnra rẹ̀ ṣe irú rẹ̀, tó ń jẹ́ Imperial, ṣùgbọ́n okùn wà lábẹ́ èyí láti di etí rẹ̀ mú. Ẹni tó bá gé ihò láì fi okùn sí i ti yọ òpó àárín ilé. Bákan náà ni gbígbẹ́ ọnà sára awọ àtijọ́ kò bọ́gbọ́n mu, nítorí awọ tó ń gbé ènìyàn ni ọ̀bẹ ń jẹ yẹn. Bí ẹwà bá jẹ ẹnì kan lógún, awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi ọnà aláràbarà sí, irú èyí tí àwọn oníṣọ̀nà awọ ìlú Ọ̀yọ́ fi ń ṣe tìmùtìmù, lè di ìbòrí tó ṣeé so mọ́ ìjókòó, tó sì ṣeé tú kúrò.

Awọ ewúrẹ́ kan náà kò ṣeé fi pààrọ̀ awọ ìjókòó. Lóòótọ́, awọ pupa ilẹ̀ Hausa lókìkí káyé. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní awọ Morocco torí pé ọjà Morocco ni wọ́n ti ń rà á lẹ́yìn tó bá ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ṣùgbọ́n fẹ́lẹ́ ni. Ohun tí wọ́n nílò ni awọ ẹ̀yìn màlúù tó nípọn, tí wọ́n fi èèpo igi ṣe. Awọ ikùn kò dára, nítorí a máa fẹ̀. Awọ báàgì àti bàtà òde òní tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe náà kò dára, nítorí kì í di ìrísí tí wọ́n bá fún un mú. Wíwá irú awọ yìí nílẹ̀ wa ló ni iṣẹ́ náà lára jù, ó ṣe tán, ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awọ màlúù ń bá lọ. Ẹni tó bá rí i yóò fi fáìlì rẹ́ ìdí àwọn ìṣó àtijọ́, yóò ti wọ́n jáde, yóò fi awọ àtijọ́ wọn tuntun kí ó sì fi ìka kan lé e yíká. Yóò rẹ tuntun náà sómi, yóò fà á mọ́ férémù pẹ̀lú okùn àti ìdè, yóò sì fi sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ kanrin. Ìgbà yẹn ló tó lè lu ihò, kí ó fi ìṣó bàbà olórí fífẹ̀ kàn án. Ẹni tó bá lu ihò nígbà tí awọ ṣì tutù yóò rí i pé ihò àti irin kò bá ara wọn mu mọ́ bí ó bá gbẹ.

Nígbà tí ìjókòó bá padà sórí òpó rẹ̀, kí imú rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ ju ìdí lọ, kí ẹni tó ń gùn ún má baà máa yọ̀ síwájú. Awọ tuntun yóò máa le koko fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìrìn kúkúrú lójoojúmọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ rọ̀, òróró kọ́. Lásìkò òjò, ọ̀rá lílọ̀ kan nílalẹ̀ rẹ̀ àti báàgì nílọ́ọ̀nù lórí rẹ̀ ti tó. Bí òjò bá wá pa á gidi, kí wọ́n má ṣe gùn ún títí yóò fi gbẹ, ìbáà gba ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ìgbà tí awọ bá tutù ni ìwúwo ènìyàn máa ń nà án.